Igi Òrúwo Nínú Àgbàlá: Ìtàn Kan Láti Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmaikò

Ẹni tí ó bá ti Èkó ń lọ sí Bàdágìrì ní òde òní yóò kọjá ní ẹ̀bá Ọ̀jọ́, yóò dé Òkòkòmaikò, ìlú Ìbà yóò sì wà ní apá ọ̀tún rẹ̀. Ilé ni yóò rí, àti ìsọ̀ ọjà, àti ọkọ̀ lóríṣiríṣi, àti ògiri tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ. Bí ó bá ń wá igi tí ó lè jókòó sí abẹ́ rẹ̀, yóò rìn jìnnà kí ó tó rí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá yà kúrò ní ojú ọ̀nà ńlá, tí ó wọ inú agbo ilé àtijọ́ kan, ó lè bá igi kan pàdé tí kò ga púpọ̀, tí ara rẹ̀ wọ́, tí ewé rẹ̀ ń dán, tí èèpo rẹ̀ sì ti kún fún àpá nítorí àdá àwọn tí ń wá egbòogi. Òrúwo ni igi náà. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí ó dá wa lójú pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún olúkúlùkù ẹni tí ó ní àgbàlá, bí ó ti wù kí àgbàlá náà kéré tó.

A kò ní fi ẹ̀bi ara wa pamọ́. Ní àgbàlá ìjọ kan tí a ti sìn rí ní agbègbè yìí, òrúwo kan wà lẹ́yìn ilé tí àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Àwọn àgbà ìjọ wí fún wa pé àwọn kò mọ ẹni tí ó gbìn ín. Igi náà ti wà níbẹ̀ kí a tó mọ ògiri yí ilẹ̀ náà ká. Ní àkókò òjò kan, ìyá àgbà kan tọ̀ wá wá, ó ní ibà ń ṣe ọmọ-ọmọ òun, ó sì bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun bó èèpo igi náà díẹ̀ láti fi se àgbo. A gbà fún un tayọ̀tayọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹni méjì wá. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, a kò mọ iye wọn mọ́. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti bó ìdí igi náà yí ká, kò ku èèpo kan tí ó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀. Ewé rẹ̀ kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà ó rẹ̀ dànù, igi náà sì kú lórí ìdúró. Nígbà tí a gé e lulẹ̀, inú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè tí ó pọ́n, àwọn ọmọdé sì ń ṣa ẹ̀ẹ́rún rẹ̀ ṣeré. Nínú gbogbo àwa tí a jẹ àǹfààní igi náà, kò sí ẹnì kan tí ó ti rò ó láti gbin òmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa léèrè pé: báwo ni igi tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn sì ń lò, ṣe lè má ní ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa wá inú ìtàn wò.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ni a ní igi tí inú rẹ̀ pọ́n báyìí. Ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, igi kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ fi àwọ̀ inú rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Cladrastis kentukea. Ará Faransé kan tí ń jẹ́ André Michaux bá a pàdé nínú igbó Tennessee ní 1796. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ nígbà náà ń fi inú igi náà rẹ aṣọ kí ó lè pọ́n rúsúrúsú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un wọ inú ọgbà, wọ́n sì fi sùúrù kọ́ ìwà rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọ òdòdó. Pé bí ó bá ti so òdòdó funfun rẹ̀ jáde ní ìṣù-ìṣù ní ọdún kan, ó lè fi ọdún kan tàbí méjì sinmi. Pé ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti pínyà kì í lágbára, ìjì a sì máa fà á ya. Àti pé ẹni tí ó bá gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ìgbà tí òtútù ń parí lọ yóò rí i tí oje ń ṣàn lára rẹ̀ bí omi, nítorí náà ìgbà ooru ni a fi ń tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn igi ńlá kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Podocarpus, tí inú àwọn náà pọ́n díẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ó tẹ̀dó sí Cape gé wọn fún pákó ilẹ̀ àti àjà ilé, títí igbó fi ń ṣófo. Nísisìyí òfin ń dáàbò bò wọ́n, a sì ti fi ọ̀kan nínú wọn, Podocarpus latifolius, ṣe igi orílẹ̀-èdè náà. Ẹ kíyè sí i pé ní ilẹ̀ méjèèjì yìí, àwọ̀ inú igi ni ó kọ́kọ́ fa ènìyàn mọ́ ọn, àwọ̀ náà kan náà ni ó sì mú kí àáké dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó gbà á là ni pé àwọn ènìyàn pàpà gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ní láti tọ́jú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, igi mẹ́ta ni ó yẹ kí a dárúkọ bí a bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ìwà wọn sì yàtọ̀ síra.

Èkínní ni awọ́pa, tí àwọn mìíràn ń pè ní dókítà igbó. Ìbátan èso ṣáwáṣọ́ọ̀pù ni. Inú ẹgàn tí ó ṣókùnkùn ni ó ti ń dàgbà, lábẹ́ òjìji àwọn igi tí ó jù ú lọ, ó sì lè ga tó 90 ẹsẹ̀ bàtà. Èèpo rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú nínú, ó sì korò. Ohun tí ó fún un ní àwọ̀ náà ni ó tún fún un ní ìkorò rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i ní Ọ̀jọ́, lórí àtẹ àwọn lẹ́kùlẹ́jà ni ó ti rí i, ní abala gbígbẹ tí a ti ọ̀nà jíjìn kó wá. Ilẹ̀ yanrìn tí oòrùn ń pa kì í ṣe ilé rẹ̀, nítorí náà a kò lè gba onílé ní Òkòkòmaikò níyànjú pé kí ó gbìn ín.

Èkejì ni òpèpè. Orúkọ Yorùbá yìí ni àwọn oníṣòwò pákó ń pe igi náà títí dé òkè òkun. Inú rẹ̀ pọ́n bí wúrà, omi kì í tètè bà á jẹ́, nítorí náà a máa ń fi í ṣe òpó èbúté àti igi tí a ń tẹ́ sábẹ́ ojú irin. Ṣùgbọ́n ó máa ń ga ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Àwọn àgbà ní igi gàǹgàn-ràn-gan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá gbin òpèpè sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ lónìí ti dá wàhálà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òrúwo, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Morinda lucida. Òun ni ó bá àgbàlá mu jù lọ. Kì í sábà ga ju 50 tàbí 60 ẹsẹ̀ bàtà, bí a bá sì ń gé e kò ní ga tó bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ kì í tán lórí rẹ̀ pátápátá, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó kéré, ó sì ní òórùn dídùn. Lẹ́yìn òdòdó, èso a so pọ̀ bí ẹni pé a mọ wọ́n papọ̀, a máa ní àwọ̀ ewé nígbà tí kò ì tí ì pọ́n, a sì di dúdú rírọ̀ nígbà tí ó bá pọ́n. Igi rẹ̀ le, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà a ń fi í ṣe òpó ilé. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀ka rẹ̀ wẹ́wẹ́ rin orín. Ní àtijọ́, àwọn obìnrin tí ń rẹ aṣọ a máa lo igi àti gbòǹgbò rẹ̀ kí aṣọ lè pọ́n rúsúrúsú. Ewé rẹ̀ korò gidigidi, òun sì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àgbo ibà ní agbègbè wa. Ohùn ni ó ya ibà tí ń ṣe ni sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ìlú Ìbà, ṣùgbọ́n ní ìlú Ìbà pẹ̀lú, bí ó ti rí níbi gbogbo, ẹni tí ibà bá ń ṣe mọ ọ̀nà ìdí òrúwo.

Ohun kan wà tí ó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ ká ẹ̀ka òrúwo kan kí ẹ sì wò ó dáradára: ewé méjì-méjì ni ó dojú kọ ara wọn, láàrin ìdí àwọn méjèèjì ni èèhù kékeré kan sì wà bí ìpẹ́ ẹja. Bí ẹ bá wo òpèpè, ẹ óò rí ohun kan náà. Bí ẹ bá wo igi kọfí, ẹ óò rí i. Àmì ẹbí ńlá kan ni, ẹbí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rubiaceae. Igi kan tí ó jẹ́ ti ẹbí yìí náà ni cinchona, igi tí a ti ń rí kíníìnì. Òrúwo ẹ̀yìnkùnlé wa àti igi kíníìnì jẹ́ ìbátan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ńlá wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn àwọn ìbátan méjì yìí ti yàtọ̀ síra.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìtàn etí òkun wa mọ̀ pé ibà ni ó jẹ́ ẹnu-bodè ilẹ̀ yìí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ní 1841, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wọ inú odò Ọya, ó ju 40 lọ nínú àwọn òyìnbó tí ó bá wọn lọ tí ikú pa, ibà ni ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Samuel Ajayi Crowther wà nínú ìrìn àjò náà. Ní 1854, ó tún bá ọkọ̀ Pleiad lọ sínú odò kan náà, lábẹ́ William Balfour Baikie tí ó jẹ́ oníṣègùn. Ní àkókò yìí, wọ́n ń lo kíníìnì lójoojúmọ́. Wọ́n lo oṣù mélòó kan nínú odò, ibà kò sì pa ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn òyìnbó wọn. Omi kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni. Èèpo igi ni ó ṣe ìyàtọ̀.

Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni èèpo náà ti wá. Láti nǹkan bí ọdún 1630 síwájú ni àwọn ará Yúróòpù ti ń kó o lọ sí ilẹ̀ wọn. Ní 1820, àwọn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ kíníìnì gan-an jáde láti inú rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ti ń bèèrè rẹ̀ sí i ni àwọn abópo ń gé igi náà lulẹ̀ sí i, wọn kò sì gbin òmíràn dípò rẹ̀. Igbó bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Nígbà náà ni àwọn ìjọba òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá irúgbìn rẹ̀. Ní 1860, Clements Markham kó o lọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti gbìn ní Íńdíà. Ní 1865, àwọn ará Nẹ́dálándì ra irúgbìn díẹ̀ lọ́wọ́ Charles Ledger, wọ́n sì gbìn ín ní erékùṣù Jáfà. Ìránṣẹ́ Ledger, Manuel Incra Mamani, ọmọ ìbílẹ̀ Bòlífíà, ni ó mọ igi tí ó dára jù, òun ni ó sì kó irúgbìn náà jọ. Nígbà tí ó tún padà lọ kó òmíràn, wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n lù ú, ó sì kú láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Orúkọ Ledger ni a fi sọ irú igi náà. Ti Mamani, díẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, láti Jáfà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú kíníìnì gbogbo ayé ti ń wá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Jàpáàn gba erékùṣù náà ní 1942, kíníìnì di ọ̀wọ́n fún àwọn ọmọ ogun apá kejì.

A rò pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí ni iṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà kan ní Íńdíà tí ń jẹ́ W. G. McIvor. Ó rí i pé kò yẹ kí a pa igi kí a tó rí èèpo. Ó ń bó èèpo ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó ń fi ìlà kan sílẹ̀ láàrin méjì, ó sì ń fi ewéko rírọ̀ bo ojú ọgbẹ́ náà títí èèpo tuntun yóò fi hù. Igi yè, èèpo sì wà ní ọdún mìíràn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Oúnjẹ tí ewé ń sè nínú oòrùn, inú èèpo ni ó ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Ẹni tí ó bá bó igi yí ká ti dí ọ̀nà oúnjẹ; gbòǹgbò yóò jẹ èyí tí ó kù nílẹ̀ fún un tán, ebi yóò sì pa á. Èyí gan-an ni a ṣe fún òrúwo àgbàlá ìjọ wa.

Ǹjẹ́ kí ni a ń ṣe ní Èkó ní àkókò tí a ń gbin igi kíníìnì ní Jáfà? A kò lè sọ pé kò sí ẹni tí ó bìkítà nípa igi. Gómìnà Alfred Moloney kọ ìwé ńlá kan lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1887. Ní ọdún náà kan náà ni a dá ọgbà ìjọba sílẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, níbi tí a ti ń tọ́ irúgbìn tí ó lè mú owó wá fún àgbẹ̀. Kòkó àti kọfí wà lára ohun tí wọ́n kà sí. Gómìnà William MacGregor, tí ó jẹ́ oníṣègùn, tí ó sì ṣàkóso Èkó láti 1899 dé 1904, bá ibà jà pẹ̀lú kíníìnì àti pẹ̀lú gbígbẹ́ ipa omi láti mú irà gbẹ. Títí di òní a ṣì ń pe odò tí ó gbẹ́ náà ní orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni kò rò pé ó yẹ láti gbin òrúwo. Èé ṣe tí wọn ìbá fi gbìn ín? Ó ń hù fúnra rẹ̀. Bí àgbẹ̀ Àwórì bá ṣán oko, tí ó gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tí ó sì fi ilẹ̀ náà sinmi lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òrúwo wà lára àwọn igi tí yóò kọ́kọ́ yọ orí. Bí ó bá hù sí ẹ̀yìn ilé, baálé ilé a fi í sílẹ̀, nítorí ó wúlò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di igi àgbàlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ohun tí ń hù fúnra rẹ̀ ni a kì í ṣọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ pọ̀, ìwà yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀nà omi ni ọ̀nà ńlá nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó ẹrù àti èrò láti Èkó kọjá ní Ọ̀jọ́ lọ sí Bàdágìrì àti Àjàṣẹ́, ẹja, àgbọn àti epo pupa sì ni òwò ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ayé yí padà kánkán. Láàrin 1970 sí 1980 ni a la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Bàdágìrì. Ní 1977 ni a ṣí pápá ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní ẹ̀bá rẹ̀. Ní àkókò Gómìnà Lateef Jakande, láti 1979 dé 1983, a kọ́ ilé púpọ̀ sí Ìbà fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, a sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983. Ọjà Alaba gbilẹ̀, àwọn ènìyàn láti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sì wá tẹ̀dó. Láti 2009 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti mú ọ̀nà náà fẹ̀ sí i, kí ọkọ̀ ojú irin sì lè gba àárín rẹ̀. Ní 2023 ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, Òkòkòmaikò ni a sì là á sílẹ̀ pé yóò dé.

A kò kọ ìwé yìí láti bú ọ̀nà tàbí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, àwa pẹ̀lú sì ń gba ọ̀nà náà. Ohun tí a ń wí ni pé ilẹ̀ oko tí a ń fi sinmi, tí ó jẹ́ ìyá òrúwo, ti tán, ṣùgbọ́n ìwà wa sí òrúwo kò tí ì yí padà. A ṣì ń bó o bí ẹni pé òmíràn ń hù lẹ́yìnkùnlé. Àwọn ènìyàn ti di púpọ̀, igi ti di díẹ̀, àdá kò sì sinmi. Ìbátan òrúwo ní òkè Andes wà nínú irú ewu yìí kan náà ní igba ọdún sẹ́yìn, gbígbìn ni ó sì gbà á lọ́wọ́ ikú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ṣe lè gbìn ín. Ẹ ká èso tí ó ti di dúdú, ẹ fi omi fọ ara rẹ̀ kúrò títí irúgbìn yóò fi mọ́, ẹ sì fọ́n ọn sínú agolo tàbí ike tí ẹ ti lu ihò sí nídìí, nínú iyẹ̀pẹ̀ tí a fi ewé jíjẹrà pò. Ẹ fi sí abẹ́ òjìji díẹ̀. Ẹni tí kò bá rí irúgbìn lè gé ẹ̀ka tí ó gbó níwọ̀nba gbìn, tàbí kí ó wu ọmọ tí ó bá hù láti ara gbòǹgbò igi àgbà. Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, ẹ gbé e lọ sí ààyè rẹ̀, ó kéré tán ogún ẹsẹ̀ bàtà sí ògiri àti sí kànga. Ilẹ̀ yanrìn wa kì í ní omi pẹ́. Nítorí náà ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ẹ sì máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú. Bí ó bá ga jù, ẹ gé orí rẹ̀; yóò rú padà láti ara kùkùté rẹ̀.

Ní ti lílò rẹ̀, ẹ já ewé, ẹ má ṣe bó èèpo. Ewé tí a já lónìí yóò rú padà. Èèpo tí a bó yí ká ti pa igi. Bí ó bá di dandan láti mú èèpo, ẹ gé ẹ̀ka kan kí ẹ sì mú èèpo ara ẹ̀ka náà, kí ìdí igi lè wà ní àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ayé, Nàìjíríà ni ibà ti ń ṣe ènìyàn jù. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àwọn tí ibà ń ṣe lọ́dọọdún ni ó wà ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn ọmọdé ni ó sì ń pa jù. Àwọn olùkọ́ ní àwọn yunifásítì wa ti fún eku tí ó ní ibà ní omi ewé òrúwo, wọ́n sì rí i pé agbára wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí lára eku kò tí ì di oògùn tí a mọ òṣùwọ̀n rẹ̀ fún ọmọ ọdún méjì. Ní ilẹ̀ Ṣáínà pẹ̀lú, ewéko ìbílẹ̀ kan wà fún ibà láti ìgbà àtijọ́. Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí rẹ̀ títí wọ́n fi yọ oògùn inú rẹ̀ jáde ní 1972, a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Láti inú ewéko náà ni oògùn ibà tí a ń gbà ní ilé ìwòsàn lónìí ti wá. Nítorí náà bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe dúró de àgbo. Bí a bá fi ìmọ̀ yìí kún ìmọ̀ àwọn baba wa, kò sí ẹni tí yóò pàdánù: ọmọ yóò yè, igi náà yóò sì yè.

Ìyá àgbà tí ó kọ́kọ́ bó èèpo lára igi wa kò ṣe ohun búburú kan. Èyí tí ó mú kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwa tí a sì jẹ́ olùtọ́jú ilẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó mọ̀ pé lẹ́yìn rẹ̀ ẹlòmíràn ń bọ̀. Ní àkókò òjò tí ó tẹ̀ lé ikú igi náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó mú ọmọ òrúwo méjì wá fún wa nínú agolo mílíìkì, láti ẹ̀yìnkùnlé ìbátan rẹ̀ kan ní Ìbà. A gbìn wọ́n sí ibi tí ti àtijọ́ wà. Ẹ̀ẹ̀rùn pa ọ̀kan. Èkejì yè, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sì ń bomi rin ín ní ìpín-ìpín. Nígbà tí a fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn, ó ti ga ju ènìyàn lọ, a sì ti gbé pátákó kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a kọ ọ́ sí pé: ewé nìkan ni kí ẹ já.